Ta Ni Orí Iṣẹ́ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀? Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkọ̀ Tí A Ń Kàn ní Abala-Abala

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín àgbà méjì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ owó ìdásílẹ̀ tí a torí rẹ̀ pé jọ. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé kí a yé fi ara wa wọ́lẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ Egina, tí ó wá sí Èkó ní ọdún 2018, ọwọ́ àwọn ọmọ wa wà nínú kíkàn rẹ̀. Èkejì dá a lóhùn pé ìtànjẹ ni, pé àwọn ará Kòríà ni ó kan ọkọ̀ wọn, tí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wa fọwọ́ kàn án kí inú wa lè dùn. A bẹ̀ wọ́n, wọ́n dákẹ́. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ àgbà kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ tán. Àwa rò pé olúkúlùkù wọn mú apá kan òtítọ́ lọ́wọ́, àti pé ó tọ́ kí a gbé apá méjèèjì jọ kí a wò ó.

Àwọn kan yóò bi wá pé, kí ni ó kan ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, ìlú tí ó jẹ́ pé igbó àti oko ni ó yí i ká? Ẹ jẹ́ kí a rán wọn létí pé ní ayé àwọn baba wa, ọ̀sà ni ọ̀nà ọjà Ìjẹ̀bú. Láti Ẹ̀pẹ́ àti láti àwọn èbúté wa mìíràn, ọkọ̀ ni ó ń ru ẹrù lọ sí Èkó kí ọ̀nà títì tó dé. Lónìí ẹ̀wẹ̀, ibùdókọ̀ ńlá ti Lẹ́kí, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2023, kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn ọmọ tí a ń kọ́ níhìn-ín ni wọn yóò wá iṣẹ́ lọ síbẹ̀. Bí wọn yóò bá lọ gẹ́gẹ́ bí alágbàṣe tàbí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí í ṣètò iṣẹ́, inú ilé-ẹ̀kọ́ wa ni a ti ń pinnu rẹ̀ nísisìyí, bí a tilẹ̀ rò pé a kò pinnu ohunkóhun.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí a ti ń kan ọkọ̀ ńlá ní ayé òde òní. Bí àwọn ará etí omi wa bá fẹ́ gbẹ́ ọkọ̀ ní àtijọ́, igi ńlá kan ni wọn yóò gé lulẹ̀, wọn yóò gbẹ́ inú rẹ̀, wọn yóò sì fi iná yọ́ ọ títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi là. Àwòrán ọkọ̀ náà wà ní orí agbẹ́kọ̀, àáké sì wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ènìyàn kan náà ni ó ni orí àti ọwọ́. Àwọn òyìnbó pẹ̀lú, bí ọkọ̀ tiwọn ti tóbi tó, ojú kan ni wọ́n ti ń kàn án láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn a tẹ́ eegun ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀ ní etí omi, wọn a gbé àwọn egungun ìhà ró lé e lórí, wọn a sì fi irin pẹlẹbẹ bò ó. Ẹni tí yóò tẹ́ páìpù yóò dúró de ẹni tí ń kan irin, ẹni tí yóò kun ọ̀dà yóò dúró de ẹni tí ń tẹ́ páìpù, gbogbo wọn yóò sì máa gbá ara wọn lẹ́sẹ̀ nínú ihò kan náà.

Ogun àgbáyé kejì ni ó fi ọ̀nà mìíràn hàn gbogbo ayé. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń ri ọkọ̀ ẹrù kíákíá ju bí a ti lè kan òmíràn lọ. Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Liberty ní abala-abala: wọn a jó irin pọ̀ di abala ńlá ní ibi tí ó jìnnà sí omi, wọn a fi kíréènì gbé e, wọn a sì so ó mọ́ èkejì rẹ̀. Ọkọ̀ irú rẹ̀ 2,710 ni wọ́n kàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1942, ní Richmond ní ilẹ̀ Kalifọ́níà, wọ́n kan ọ̀kan tí ń jẹ́ Robert E. Peary láti ìtẹ́lẹ̀ eegun ẹ̀yìn títí ó fi wọ omi láàárín ọjọ́ 4 àti wákàtí 15. Eré ìdíje ni wọ́n fi èyí ṣe, kì í ṣe bí wọ́n ti ń ṣe é lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá rò ó yóò rí i pé ọjọ́ 4 yẹn kọ́ ni iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ náà ti parí ní orí ìwé àti nínú àwọn abala tí a ti tò sílẹ̀ kí ọjọ́ kìíní tó pé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì yóò rántí pé bákan náà ni tẹ́ḿpìlì Sólómọ́nì: ibi tí a ti wa òkúta ni a ti gbẹ́ ẹ pé, tí ó fi jẹ́ pé a kò gbọ́ ìró òòlù ní ibi ìkọ́lé náà.

Ìjẹ̀bú kò tilẹ̀ nílò kí a lọ jìnnà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo aṣọ òfì. Ahunṣọ kì í hun aṣọ fífẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ ni í hun, lẹ́yìn náà ni a óò rán fọ́nrán pọ̀ mọ́ fọ́nrán títí yóò fi di ìró tàbí agbádá. Bí aṣọ náà bá pọ̀, tí a pín in fún ahunṣọ mẹ́ta, olúkúlùkù nínú ilé tirẹ̀, ohun tí yóò mú kí ọnà ara aṣọ bá ara wọn mu ni pé iye òwú àti ibi tí ọnà kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lọ́wọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ọ̀kan bá ṣi òwú kà, kò sí abẹ́rẹ́ tí ó lè bá a tún un ṣe. Ọkọ̀ abala-abala kò yàtọ̀ sí èyí, àfi pé fọ́nrán tirẹ̀ a máa wọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún tọ́ọ̀nù, páìpù àti wáyà sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ kan ara wọn lẹ́nu láìsí àṣìṣe.

Níhìn-ín ni kọ̀ǹpútà ti wọlé. Àwọn tí ń ṣètò ọkọ̀ a máa ya gbogbo ọkọ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà, ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga, tí irin pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan àti páìpù kọ̀ọ̀kan yóò fi ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò pín in sí abala. Wọn kì í pín in bí ó ti wù wọ́n: ohun tí kíréènì lè gbé ni yóò sọ bí abala yóò ti tóbi tó, ibi tí ọwọ́ ajórin lè dé ni yóò sì sọ ibi tí a óò gé e. Ó yà wá lẹ́nu nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n a máa kan ọ̀pọ̀ abala ní àdojúdé, òkè rẹ̀ ní ìsàlẹ̀; ìdí rẹ̀ ni pé ajórin tí ó tẹrí wo iṣẹ́ rẹ̀ a máa ṣe é dáradára ju ẹni tí ó nàró tí iná ń ta sí lójú lọ. Bí ó bá parí, wọn a yí i padà. Kọ̀ǹpútà náà ni í ṣírò bí a óò ti to àwọn ègé sórí irin pẹlẹbẹ kan kí àjákù má baà pọ̀, gẹ́gẹ́ bí télọ̀ gidi ti í to apá àti ọrùn ẹ̀wù sórí aṣọ kí ó tó mú àlùmọ́gàjí. Òun náà ni ó ń rántí pé irin tí a bá fi iná jó a máa sún kì díẹ̀ bí ó bá tutù, tí ó fi yẹ kí a fi díẹ̀ lé ìwọ̀n rẹ̀ kí a tó gé e.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ètò ohun tí yóò ṣáájú àti ohun tí yóò tẹ̀lé. Àwọn oníṣẹ́ yìí a máa sọ pé iṣẹ́ tí yóò gba wákàtí 1 nínú ilé iṣẹ́, yóò gba wákàtí 3 bí a bá dúró títí abala fi di odidi, yóò sì gba 8 bí a bá dúró títí ọkọ̀ fi wà nínú omi. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sáré fi páìpù, wáyà, àtẹ̀gùn àti ọ̀dà sínú abala nígbà tí orí rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé ẹ̀rọ ńlá kan síta títí a fi bo abala náà yóò tún gé irin tí a ti jó pọ̀ kí ó tó lè gbé e wọlé. Mímọ ohun tí yóò kọ́kọ́ wọlé, àti ẹni tí yóò dúró de ta ni, èyí ni àwa ń pè ní orí iṣẹ́.

Àwa fúnra wa ti jìyà àìní orí iṣẹ́ rí, nínú ohun tí ó kéré gan-an sí ọkọ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ń tún òrùlé ilé ìjọsìn kan ṣe, àkókò òjò sì ti súnmọ́ tòsí. Kí iṣẹ́ náà lè yá, a pín àwọn igi onígun mẹ́ta òrùlé fún káfíńtà méjì, ọ̀kan nínú ìlú, èkejì ní abúlé tí kò jìnnà. A rò pé ọgbọ́n ńlá ni a dá. Káfíńtà kìíní wọn ilé náà láti ìta ògiri dé ìta ògiri. Èkejì wọ̀n ọ́n láti inú dé inú. Búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 9 ni ògiri náà. Ẹ ṣírò rẹ̀. Nígbà tí a kó igi dé, ìdajì wọn fi ínǹṣì 18 kúrú sí ìyókù. Àwọn káfíńtà méjèèjì mọ iṣẹ́, a kò rí àbùkù lára igi ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwa tí a gbé iṣẹ́ fún wọn ni a kò sọ ibi tí ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá ìjọ ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e, a kò ní kọ ọ́ síhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ọkọ̀ Egina. Ní ọdún 2003 ni a rí epo rọ̀bì ní ibi tí a ń pè ní Egina, ní ìwọ̀n 150 kìlómítà sí etí òkun wa, níbi tí omi ti jìn ju mítà 1,500 lọ. Ọkọ̀ tí a kàn fún un kì í ṣe ọkọ̀ arìnrìn-àjò; ńṣe ni ó dúró sójú kan lórí òkun, tí ó ń fa epo láti ìsàlẹ̀, tí ó ń ya omi àti gáàsì kúrò lára rẹ̀, tí ó sì ń pa epo mọ́ sínú ikùn rẹ̀ títí ọkọ̀ mìíràn yóò fi wá gbé e. Mítà 330 ni gígùn rẹ̀, mítà 61 ni fífẹ̀ rẹ̀. Bí a bá gbé e kalẹ̀, gígùn rẹ̀ ju pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ. Ikùn rẹ̀ gba àgbá epo mílíọ̀nù 2.3, a sì ṣe é kí ó lè fa àgbá 200,000 jáde lóòjọ́. Ilé-iṣẹ́ Total ti Faransé, tí ń jẹ́ TotalEnergies nísisìyí, ni ó ń darí pápá epo náà; Samsung Heavy Industries ti Kòríà ni ó sì gba iṣẹ́ ọkọ̀ náà ní ọdún 2013, láti orí yíyàwòrán, ríra ohun èlò, títí dé orí kíkàn.

Ní Geoje ní Kòríà ni wọ́n ti kan ara ọkọ̀ náà. Abala 18 ni ó wà fún orí rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ gbogbo wà. A kan 6 nínú wọn ní ilẹ̀ wa. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni ọkọ̀ náà kúrò ní Kòríà, ó dé Èkó ní oṣù kìíní ọdún 2018, ó sì gúnlẹ̀ sí ọgbà ìkànkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí àgbègbè LADOL, lẹ́bàá Tarkwa Bay. Níbẹ̀ ni a ti gbé abala 6 náà lé e lórí, tí a sì so wọ́n pọ̀ mọ́ ìyókù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018 ó kúrò ní Èkó, epo àkọ́kọ́ sì jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá ọdún náà.

Ẹ jẹ́ kí àgbà wa kìíní gba ìyìn tirẹ̀. Abala tí a kàn ní ilẹ̀ wa bá èyí tí a kàn ní Kòríà mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun gbogbo ni ó wà láàárín wọn. Ajórin tí ó jó irin láìpé kò lè ṣe èyí. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ọwọ́ àwọn ọmọ wa kò mọ́ iṣẹ́, kí ó lọ wo ìsopọ̀ wọ̀nyẹn lórí òkun, níbi tí wọ́n wà títí di òní.

Ṣùgbọ́n àgbà kejì pẹ̀lú ní ohun tí ó ń sọ. Ta ni ó pín ọkọ̀ náà sí abala 18? Ta ni ó sọ pé èyí ni kí a kàn níhìn-ín, tí ìyókù yóò sì wà ní Geoje? Nígbà tí ohun kan bá pẹ́, ta ni ó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà tí ó ń tún ètò gbogbo tò? Ilé-iṣẹ́ tí ó gba iṣẹ́ náà ni, bí ó sì ti yẹ kí ó rí ni, nítorí òun ni yóò jẹ́jọ́ bí ọkọ̀ náà kò bá dára. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2010, pé kí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ní ìpín tiwọn nínú iṣẹ́ epo àti gáàsì, òfin rere ni. Láìsí i, a kì bá tí gbọ́ orúkọ Tarkwa Bay nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ka tọ́ọ̀nù irin, ó ka wákàtí iṣẹ́, ó tilẹ̀ ka wákàtí àwọn tí ń yàwòrán pẹ̀lú. Àròyé tiwa ni pé wákàtí a máa ṣeé kà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ìpinnu kò ṣeé fi wákàtí wọ̀n. Ọmọ wa lè fi ẹgbẹ̀rún wákàtí ya páìpù tí ẹlòmíràn ti sọ ibi tí yóò gbà fún un.

Kí a má sì rò pé Kòríà bí ọgbọ́n yìí mọ́ ara wọn ni. Ní ọdún 1971, wọn kò ní ọgbà ìkànkọ̀ ńlá kan. Ọ̀gbẹ́ni Chung Ju-yung, tí ó dá ilé-iṣẹ́ Hyundai sílẹ̀, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti yá owó. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn láti máa sọ ni pé ó yọ owó bébà wọn, 500 won, jáde nínú àpò, ó sì fi àwòrán ọkọ̀ ogun alápá bí ìjàpá tí ó wà lára rẹ̀ hàn wọ́n, pé àwọn baba òun ti kan irú èyí láti ọdún 1592. Àwa olùfẹ́ àṣà ilẹ̀ wa a máa pàtẹ́wọ́ bí a bá dé ibi yìí nínú ìtàn náà, a ó sì lọ sílé. Ó yẹ kí a dúró gbọ́ ìyókù. Ọkọ̀ ìjàpá mú owó wá, ṣùgbọ́n kò mú àwòrán ọkọ̀ epo wá. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ Scott Lithgow ní Skọ́tíláǹdì ni wọ́n ti ra àwòrán. Àwọn tí ó kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ náà ròyìn pé ọgbà àwọn ará Skọ́tíláǹdì kò gba odidi ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìdajì méjì ni wọ́n fi í ń kàn án. Àwọn ará Kòríà, tí ààyè tiwọn gba odidi, tẹ̀lé àwòrán bí ó ti rí, wọ́n kan ìdajì méjì, nígbà tí wọ́n sì fẹ́ so wọ́n pọ̀, wọn kò bá ara wọn mu. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a máa ṣo ni. Wọ́n tún un ṣe, ọkọ̀ náà parí ní ọdún 1974. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ tiwọn jọ láti kọ́ bí a ti ń ya àwòrán àti bí a ti ń pín ọkọ̀.

Ìtàn kan tún wà tí àwa a máa sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ní ìlú Malmö ní Swídìn, ọgbà ìkànkọ̀ Kockums ní kíréènì kan tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 138, ọ̀kan nínú èyí tí ó ga jùlọ ní ayé. Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ̀ kú níbẹ̀, ó ṣì dúró síbẹ̀. Ní ọdún 2002, Hyundai ra á ní dọ́là 1 péré, wọ́n tú u, wọ́n sì kó o lọ sí Ulsan. Àwọn ará Malmö jáde wá wò ó bí ó ti ń lọ, àwọn mìíràn sì ń sunkún. Ohun tí a kò ń sábà sọ mọ́ ìtàn náà ni pé láti inú ilé Kockums kan náà ni ètò kọ̀ǹpútà kan ti jáde, tí wọ́n fi ń ya ọkọ̀ tí wọ́n sì fi ń pín in sí abala. Wọ́n kọ́kọ́ pè é ní Steerbear, nígbà tí ó yá ó di Tribon. Àwọn ọgbà ìkànkọ̀ ńlá ní Kòríà wà lára àwọn tí ó ń rà á lò. Ní ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ AVEVA ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rà á, kì í sì í ṣe dọ́là 1 ni wọ́n rà á. Irin di ọ̀fẹ́, ọgbọ́n tí í pín irin sì ń pa owó. Ẹ̀yin olóyè wa tí ẹ mọ ọjà, ẹ̀yin ni ẹ ó sọ èwo nínú méjèèjì ni ó yẹ kí a máa kọ́ ọmọ.

Àwọn ọ̀dọ́ Ẹgbẹ́ wa, tí ó fẹ́ràn ẹ̀rọ, yóò dáhùn pé kí a ra ètò kọ̀ǹpútà náà, ó parí. Kò parí. Ilé-iṣẹ́ Airbus ní ètò tí ó dára púpọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì ń kan ọkọ̀ òfurufú ńlá A380, abala-abala ni wọ́n ń kàn án, apá kan ní Hamburg ní Jámánì, apá kan ní ibòmíràn, wọ́n sì ń so ó pọ̀ ní Toulouse ní Faransé. Wáyà tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bíi 530 kìlómítà. Ní ọdún 2006, nígbà tí abala dé Toulouse, wáyà kúrú. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn kan ń lo ẹ̀dà àtijọ́ ètò kọ̀ǹpútà náà, àwọn kan ń lo ẹ̀dà tuntun, èyí kò sì gbọ́ èdè ti ìkejì dáradára. Ó dá iṣẹ́ dúró fún nǹkan bí ọdún méjì, àwọn olórí ilé-iṣẹ́ sì fi ipò sílẹ̀. Òrùlé ilé ìjọsìn tiwa náà ni, àfi pé tiwọn ná wọn ní ọ̀kẹ́ àìmọye owó. Kọ̀ǹpútà kò mọ ibi tí ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ bí ènìyàn kò bá sọ fún un.

Ó ní ibi tí orí iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ wa, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi wa ti kan ọkọ̀ ìṣọ́ kéékèèké fúnra wọn ní Èkó: Andoni tí a fi sẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 2012, Karaduwa ní ọdún 2016, àti Oji ní ọdún 2021. Bí a bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ Egina, bí ìgbà tí a gbé ọmọ ẹja sí ẹ̀gbẹ́ àbùùbùtán ni. Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tiwa ni ó ń sọ ohun tí yóò ṣáájú, àwọn ni ó sì ń jẹ ìyà rẹ̀ bí ó bá ṣì. Bí a bá ní kí a yàn, àwa yóò fẹ́ kí ọmọ wa ṣe olùrànlọ́wọ́ ẹni tí ń ṣètò Oji ju kí ó jẹ́ ajórin ẹgbẹ̀rún lórí Egina lọ. A mọ̀ pé owó oṣù tọ̀hún pọ̀ jù, àwọn òbí kan yóò sì bínú sí wa nítorí gbólóhùn yìí.

Kí ni a wá ń béèrè? Àwa jẹ́ olùkọ́, nítorí náà ilé tiwa ni a óò ti bẹ̀rẹ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, a ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò bí ẹni pé ìdánwò nìkan ni ó wà fún. Ẹ fún olùkọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní àpótí kan, kí ẹ ní kí ó ya òkè rẹ̀, iwájú rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹlòmíràn tí kò rí i lè kàn án; púpọ̀ nínú wọn kò lè ṣe é. Bí olùkọ́ kò bá lè ṣe é, ta ni yóò kọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá? Ìyàwòrán yìí kò sì nílò kọ̀ǹpútà ní ìbẹ̀rẹ̀. Bébà, rúlà àti sùúrù tó.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ èdè, tí ó jẹ́ iṣẹ́ Ẹgbẹ́ wa gan-an. Ọmọ tí ó ń ro ohun tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò tẹ̀lé, èdè tí ó fi ń lá àlá ni yóò fi rò ó. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 6 odidi, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kò gbẹ́yìn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáradára ju àwọn tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, àní nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. A yìn ín, a sì gbàgbé rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀, a ti ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ, àwọn télọ̀, àwọn káfíńtà àti àwọn agbẹ́kọ̀ wa: fọ́nrán, abala, ìsopọ̀, àjákù. Àwọn mìíràn ṣì kù tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè, nítorí pé ẹnu àwọn oníṣẹ́ nìkan ni wọ́n wà. Kí ni ahunṣọ ń pè ní ibi tí ọnà ti bẹ̀rẹ̀? Kí ni agbẹ́kọ̀ ń pè ní díẹ̀ tí í fi lé ìwọ̀n nítorí igi yóò sún kì bí ó bá gbẹ? A bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ nínú ilé, ẹ lọ bi wọ́n léèrè kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́. Nígbà tí a bá kó o jọ, a óò tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí ní oṣù mẹ́ta sí i.

Sí ẹ̀yin olóyè, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tí ìlú ń dá lọ́dọọdún, àwọn amòfin àti àwọn oníṣègùn ni ó ń jẹ ẹ́ tán. A kò sọ pé kí a gba ti ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Kí a ya ti ọmọ kan sọ́tọ̀, ẹyọ kan péré, tí yóò lọ kọ́ ìyàwòrán àti ètò ọkọ̀, bóyá ní Yunifásítì ọ̀rọ̀ òkun tí ó wà ní Okerenkoko, bóyá ní òkè òkun bí agbára bá gbé e. Kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn rẹ̀ pé yóò padà wá kọ́ni fún ọdún méjì.

Ní ti ìpàdé tí ń bọ̀, tí yóò wáyé ní gbọ̀ngàn ìlú ní Sátidé kejì oṣù, a ti bẹ àwọn àgbà méjì tí ó ṣe àríyànjiyàn kí wọ́n jókòó ní ìlà kan náà. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ní ọmọ tàbí àbúrò tí ó ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ Egina ní Tarkwa Bay, ìbá à jẹ́ ajórin, ìbá à jẹ́ ẹni tí ó ń ka àwòrán, kí ó jọ̀wọ́ fi tó akọ̀wé Ẹgbẹ́ létí. A fẹ́ kí ó wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ̀rọ̀, kí ó sì mú àwòrán abala kan dání bí wọ́n bá gbà á láyè. Àwa ni a óò san owó ọkọ̀ rẹ̀ láti Èkó wá àti padà.